Mo Kọ Ogún Sílẹ̀, Mi Ò Ka Èémí Kankan

Lóru ọjọ́ kan ní ọdún 2017, mo kọ nọ́ńbà kan sínú ìwé àkọsílẹ̀ aláìsàn kan. 20 ni mo kọ, síbi tó yẹ ká kọ iye ìgbà tí aláìsàn mí láàárín ìṣẹ́jú kan. Mi ò kà á. Nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ àárọ̀ kọ 20, èyí tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án kọ 20, èmi náà wo tiwọn lókè, mo sì kọ 20 sísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ rí ní wọ́ọ̀dù tó kún fọ́fọ́ yóò mọ ohun tí mò ń sọ.

Mò ń kọ èyí nítorí àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́, tí wọ́n kàn ń tì wọ́n sọ́dọ̀ àwọn aláìsàn tó wà láàárín ikú àti ìyè láìsí ẹni tó fà wọ́n lọ́wọ́. Mo tún ń kọ ọ́ fún ẹni tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì lónìí, tí òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí àga oníke létí ibẹ̀, tí kò mọ ohun tó yẹ kóun máa wò.

Màmá yẹn ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ló lu ìfun wọn, ẹ̀gbin sì ti tú sínú ikùn kí wọ́n tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Ọjọ́ kejì tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn ni mo wọ náìtì. Wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ àwọn obìnrin ni, ní ilé ìwòsàn ìjọba kan. Àwa nọ́ọ̀sì méjì la wà nílẹ̀, aláìsàn sì lé ní ọgbọ̀n. Nígbà tó di nǹkan bí aago kan òru, ọmọ wọn obìnrin wá bá mi nídìí tábìlì.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ ma, Màmá mi ń mí hẹlẹhẹlẹ.”

Mo lọ wò wọ́n. Wọ́n ń yí orí sọ́tùn-ún sósì, wọ́n ń fa aṣọ tí a fi bò wọ́n. Mo ní ojú abẹ ló ń ro wọ́n, mo gún wọn ní abẹ́rẹ́ ìrora tí dókítà ti kọ sílẹ̀. Mo wọn ìfúnpá wọn: 100 lórí 60. Ọkàn wọn ń lù ní ìgbà 124 ní ìṣẹ́jú kan. Mo kọ méjèèjì sílẹ̀ ní ọwọ́ ìkọ̀wé tó mọ́, mo wá kọ 20 sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Àpò ìtọ̀ wọn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tó ìdajì ife tíì, ó sì ti pọ́n kìì. Mo rí i o. Mi ò kàn bi ara mi léèrè pé kí ló dé.

Láago mẹ́ta, ọmọ náà tún dé. Ó ní Màmá ń fi orúkọ àbúrò wọn tó ti kú pe òun. Mo ní abẹ́rẹ́ ìrora ló ń kùn wọ́n lóorun. Mo rántí ohùn tí mo fi sọ ọ́ fún un. Ohùn tí àwa nọ́ọ̀sì máa ń fi dá mọ̀lẹ́bí aláìsàn padà sórí ẹní wọn ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, dókítà kan wọlé. Kò tíì fọwọ́ kan Màmá rárá. Ó dúró létí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo àyà wọn, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ìṣẹ́jú kan pé, ó ní, “Mẹ́rìndínlógójì.” Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Wọ́n gbé Màmá lọ sí ICU, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn ti le jù. Kòkòrò àrùn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Wọ́n kú lọ́jọ́ kejì.

Nọ́ọ̀sì àgbà wọ́ọ̀dù wa ṣí ìwé àkọsílẹ̀ náà síwájú wa, ó fi ìka tọ ìlà àwọn 20 yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, “Ta ló ka ìwọ̀nyí?” Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Kò bú wa. Ó pa ìwé náà dé, ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ó sàn fún mi kó bú mi.

Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ká ní mo kà á, Màmá ì bá yè. Àìsàn yẹn ń pa èèyàn, kódà níbi tí gbogbo nǹkan wà. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́fà ló wà láàárín ìgbà tí ọmọ wọn kọ́kọ́ pè mí àti ìgbà tí dókítà kà á, lábẹ́ ọwọ́ mi sì ni wákàtí mẹ́fà náà ṣòfò.

Nígbà tó di ọdún 2019, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ti ń jápa lọ́tùn-ún lósì. ICU kù sí ọwọ́ èèyàn díẹ̀, wọ́n sì fi lẹ́tà gbé mi lọ síbẹ̀. Kò sí ẹ̀kọ́ kankan tí wọ́n fún mi ṣáájú. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìró àwọn ẹ̀rọ yẹn kò jẹ́ kí n lè ronú. Ọ̀kan ń ké “tín, tín”, ọ̀kan ń pariwo bí ìgbà tí mọ́tò ń fẹ̀yìn rìn, èmi ń wo ojú gíláàsì mónítọ̀, ẹ̀rọ tó ń fi ìlù ọkàn àti èémí hàn, bí ẹni pé ibẹ̀ ni aláìsàn wà.

Àgbà nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Mátírọ́ọ̀nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ipò náà kò tíì kàn án. Ó wá síbi tí mo dúró sí, ó mú tówẹ́ẹ̀lì, ó fi bo mónítọ̀ náà. Ó ní, “Ó yá, sọ fún mi bí Bàbá yìí ṣe wà.” Mo ní, “Ma?” Ó ní, “Ojú wà lórí rẹ, ọwọ́ wà lára rẹ. Bàbá ńkọ́?” Mi ò rí ohunkóhun sọ. Mo ti wà létí bẹ́ẹ̀dì yẹn fún ogójì ìṣẹ́jú, mi ò mọ̀ bóyá ọwọ́ Bàbá gbóná tàbí ó tutù.

Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́ mi ní ìlànà kan tí gbogbo àgbáyé ń lò: ọ̀nà ọ̀fun ṣáájú, èémí tẹ̀ lé e, ẹ̀jẹ̀ àti bó ṣe ń rìn ṣìkẹta, lẹ́yìn náà orí àti làákàyè, paríparì rẹ̀ ká ṣí aṣọ ká wo gbogbo ara láti iwájú dé ẹ̀yìn. Nǹkan tó ń tètè pa èèyàn ló ṣáájú. Òfin tó so mọ́ ọn ni pé bí o bá rí wàhálà níbì kan, má tíì kọjá ibẹ̀ àfi tí o bá ti ṣe nǹkan sí i. Mátírọ́ọ̀nù tẹ ìwé kan fún mi tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2018 lórí ìtọ́jú pàjáwìrì. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí di òní. Ẹ wá a, ẹ kà á. Kò dà bí àwọn ìwé wa tó wúwo. Bí èèyàn ṣe máa ṣe é lọ́wọ́ ló wà níbẹ̀.

Ọ̀nà ọ̀fun kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Mo ti rí ọ̀pọ̀ aláìsàn tó ń hanrun, tí èmi náà á ní “wọ́n ti rí oorun sùn”. Ẹni tó ń hanrun, tí o wá pè é tí kò jí, kì í ṣe oorun ló ń sùn. Ahọ́n rẹ̀ ló ti ṣubú sẹ́yìn, tó ń dí i lọ́nà. Bí o bá fi ìka gbé àgbọ̀n rẹ̀ síwájú, wàá gbọ́ tí ìhanrun náà á dáwọ́ dúró, àyà á sì gbé sókè dáadáa. Bí ọ̀fun bá ń hó bí ìgbà tí omi ń hó nínú ìkòkò, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tàbí itọ́ ló wà níbẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ fà á. Àṣìṣe tèmi níbẹ̀ ni pé mo máa ń pẹ́ jù nínú ọ̀fun, mo fẹ́ fa gbogbo rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan náà. Mátírọ́ọ̀nù ní kí n sé èémí tèmi náà bí mo bá ti ń fà á. Ìgbà tó bá ti ń ni mí lára ni kí n yọ rọ́bà ẹ̀rọ náà jáde. Ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15 ni, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí bí a ṣe ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà la ń fa afẹ́fẹ́ rẹ̀. Mo sé èémí mi lọ́jọ́ yẹn. Ó kù díẹ̀ kí n tó ka mẹ́sàn-án tí àyà mi ti ń já.

Ọ̀rọ̀ ọ́síjìn ni mo tún ṣàṣìṣe lé lórí lẹ́ẹ̀kejì, èyí sì dùn mí gidi torí mo rò pé mo ti gbọ́n nígbà náà. Bàbá kan ni, òtútù àyà ló mú wọn. Ẹ̀rọ kékeré tí a fi há ìka wọn láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ń kọ 94, mo sì ní ó dára. Nígbà tí mo bi wọ́n pé báwo lara, wọ́n ní, “Ó ń...” wọ́n mí, “...ni mí...” wọ́n tún mí, “...lára.” Èjìká wọn ń gòkè ń sọ̀ kalẹ̀, kòtò ọrùn wọn ń wọnú ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fa èémí. Mo wo wọ́n, mo wo 94, mo gba 94 gbọ́. Nígbà tí wọ́n wá fa ẹ̀jẹ̀ wọn láti inú iṣan àlọ lọ yẹ̀ wò, iye tó wà níbẹ̀ kò sún mọ́ 94 rárá.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní December 2020, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ ìwádìí kan jáde. Wọ́n wo àwọn tí ẹ̀rọ ìka ń kọ 92 sí 96 fún. Nínú àwọn aláwọ̀ dúdú, nǹkan bí 12 nínú 100 ni ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wọn ò tó 88 rárá. Nínú àwọn aláwọ̀ funfun, kò tó 4. Ẹ̀rọ náà máa ń gbé òǹkà ọ́síjìn àwa aláwọ̀ dúdú ga ju bó ṣe rí lọ. Ilẹ̀ Japan ni Takuo Aoyagi ti ronú kan ọgbọ́n tí ẹ̀rọ yìí ń lò, nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ẹ̀mí tó sì ti gbà là kò lóǹkà. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni jù ú nù. Ṣùgbọ́n ara àwa àti àwọn èèyàn wa la ń lò ó lé. Bí ìka bá tutù, tàbí tí làálì dúdú tàbí ọ̀dà èékánná wà níbẹ̀, òǹkà náà tún lè ṣini lọ́nà. Bí aláìsàn kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí, ẹ̀rọ kọ́ ni mo máa gbà gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n silíńdà ọ́síjìn náà wà ńbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rí aláìsàn tí wọ́n ń gbé lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ya àwòrán inú ara, tí ọ́síjìn tán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Silíńdà kékeré tí wọ́n ń gbé káàkiri, irú èyí tó gba líítà 680, bí aláìsàn bá ń lo líítà 10 ní ìṣẹ́jú kan, kò ní ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ, ìyẹn tó bá kún. Láti ìgbà náà, mo máa ń pín in sórí ìwé kí a tó ti bẹ́ẹ̀dì jáde. Ìbòmú olápò tí à ń fi sí imú àti ẹnu, ẹ jẹ́ kí àpò rẹ̀ wú kí ẹ tó fi sí i lójú, líítà 10 sí 15. Bí àpò náà bá pẹlẹbẹ, ìyà lẹ fi ń jẹ aláìsàn.

Lóru ọjọ́ kan, iná lọ. Ẹ̀rọ tó ń bá ọ̀dọ́kùnrin kan mí ní bátìrì, ṣùgbọ́n bátìrì náà ti darúgbó, kò gbé e fún ìṣẹ́jú méjì. Jẹnẹrétọ̀ kọ̀, kò tíì jí. A já rọ́bà ẹ̀rọ náà, mo so Ambu, àpò rọ́bà tí a fi ń tẹ afẹ́fẹ́ sínú àyà aláìsàn, mọ́ ọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nínú òkùnkùn. Ẹ̀rù bà mí, mo ń tẹ̀ ẹ́ léraléra bí ẹni ń fẹ́ná. Mátírọ́ọ̀nù tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ sí àyà ọmọ náà, ó gbá mi lọ́wọ́ mú. “O máa pa á. Fún un, jẹ́ kó tú. Fún un, jẹ́ kó tú.” Ó ń kà á sí mi létí: ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́fà, kí àyà ṣáà ti gbé díẹ̀, ó tó. Bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ lásáré, afẹ́fẹ́ á há sínú àyà, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè padà sínú ọkàn, ìfúnpá á wá já wálẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú la fi ṣe é, àwa méjì ń gbà á lọ́wọ́ ara wa. Ọwọ́ mi kú títí dé ìgbọ̀nwọ́.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ibi tí ICU ti ṣẹ̀ gan-an nìyẹn. Ní Kọpẹnhágìn, lórílẹ̀-èdè Dẹ́nmáàkì, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà lọ́dún 1952, ó sì ń pa agbára mímí àwọn èèyàn. Dókítà akunnilóorun kan, Bjørn Ibsen, ní kí wọ́n lu ihò sí ọ̀fun aláìsàn, kí wọ́n máa fi ọwọ́ tẹ àpò afẹ́fẹ́ sí i. Ẹ̀rọ ò tó, wọ́n bá kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn jọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn tọ̀sán tòru, fún ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀. Nínú àwọn mẹ́wàá tí èémí wọn ti dojú rú, ó ju mẹ́jọ lọ tó ń kú tẹ́lẹ̀. Ó wálẹ̀ sí nǹkan bí mẹ́rin. Ọwọ́ èèyàn ni wọ́n fi ṣe é. Mo máa ń rántí wọn bí iná bá lọ. Láti ọjọ́ náà, mi ò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé mo fojú rí Ambu létí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, kí n sì tẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti omi ara, ọwọ́ aláìsàn ló ń kọ́kọ́ sọ ọ́. Dì í mú. Bó bá tutù tí orúnkún náà tutù, tẹ èékánná rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kí o tú u sílẹ̀. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ kó tó padà, ẹ̀jẹ̀ ò rìn dáadáa mọ́. Kí o tún bẹ̀rẹ̀ wo àpò ìtọ̀. Ẹni tó wọn kílò 60 yẹ kó máa tọ̀ tó mílílítà 30 ní wákàtí kan, ó kéré tán. Ní wákàtí méjìlá, ìyẹn ti di 360. Ìdajì ife tíì tí mo rí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá lóru ọjọ́ yẹn kò tó 100. Kíndìnrín wọn ti ń kígbe láti ọ̀sán.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà, torí àwa èèyàn wa fẹ́ràn kí wọ́n ṣáà fa omi síni lára. Omi ń gbà là, omi sì ń pa. Ìwádìí ńlá kan jáde lọ́dún 2011 láti Kẹ́ńyà, Uganda àti Tanzania, lórí àwọn ọmọdé tó lé ní 3,000 tí ibà mú tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò sì rìn dáadáa. Àwọn tí wọ́n tú omi sí lára lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kú ju àwọn tí wọ́n fún ní díẹ̀díẹ̀ lọ. Ẹ má bá nọ́ọ̀sì jà pé ó dín omi kù.

Kí n sáré sọ ti ṣúgà. Wọ́n gbé bàbá kan wá, wọ́n ní rọpárọsẹ̀ ni, ẹnu ti wọ́, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Wọ́n ti ń bá owó ìyàwòrán orí kiri. Mátírọ́ọ̀nù gún ìka rẹ̀: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ 38, nígbà tó yẹ kó lé ní 70. Bàbá ti lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà láìjẹun. A fa omi ṣúgà líle sí i, kò pẹ́ tó la ojú, tó ń bèèrè fìlà rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí kò bá mọ ibi tó wà, ẹ wo ṣúgà rẹ̀ kí ẹ tó ro ohun mìíràn.

Ìtọ́jú ara tí àwọn kan ń fojú kékeré wò, òun ló gba mí ní àkókò jù, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Yíyí padà ní wákàtí méjì méjì. Fífọ ẹnu. Gbígbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè díẹ̀, ìwọ̀n dígírì 30 sí 45, kí ohun tó wà nínú ikùn má bàa ṣàn lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Fífi nǹkan bo ojú tí kò lè padé kó má gbẹ. Ìwé wa ní kí a máa wo ibi tó bá pọ́n kí egbò ìdùbúlẹ̀ tó yọ. Lára ta ni ó ti ń pọ́n? Lára àwọ̀ wa, ó máa ń dúdú sí i ni, tàbí kó ní àwọ̀ elése àlùkò, ìgbà mìíràn ojú ò tilẹ̀ rí nǹkan kan. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo ń lò báyìí. Mo gbé ẹ̀yìn ọwọ́ mi sí gìgísẹ̀, sí bèbè ìdí, mo fi wé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ibi tó bá gbóná ju ìyókù lọ, tàbí tó le gbandi, egbò ti ń bọ̀ níbẹ̀. Gìgísẹ̀ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan ni mo fi kọ́ ọ. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n ó fi oṣù mẹ́ta tọ́jú egbò tí kì í ṣe òun ló gbé wá sílé ìwòsàn.

Ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ọ̀dọ́kùnrin tí mo fi ọwọ́ mí fún lóru ọjọ́ yẹn jí lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, ó ní òun rò pé wọ́n ń mọ ilé lé òun lórí. Pé lójoojúmọ́ lòun ń gbọ́ tí àwọn obìnrin méjì ń dunàá-dúrà sìmẹ́ńtì, tí ògiri náà sì ń ga sí i. Èmi àti ẹnìkejì mi ni. Ilé là ń kọ́ nígbà náà, a sì máa ń sọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń ta sìmẹ́ńtì lórí rẹ̀ bí a bá ń yí i padà. Láti ìgbà yẹn, kí n tó fọwọ́ kan aláìsàn, mo máa ń pe orúkọ rẹ̀, mo máa ń sọ ọjọ́ tó jẹ́ fún un, bóyá àárọ̀ ni tàbí alẹ́, àti ohun tí mo fẹ́ ṣe.

Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe dókítà lóru náà. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sọ pé, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ara Màmá yìí ò yá.” Wọ́n á ní wọ́n ń bọ̀, wọn ò ní tètè dé. Báyìí, mo máa ń ní: “Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ sà. Bẹ́ẹ̀dì kejì, Bàbá olótùútù àyà. Wọ́n ń mí ní ìgbà 32, wákàtí méjì sẹ́yìn 24 ni. Ìfúnpá wọn 88 lórí 50. Wọn ò dá mi lóhùn dáadáa mọ́. Mo ti gbé ọ́síjìn sókè. Mo fẹ́ kí ẹ wá wò wọ́n nísinsìnyí.” Mo máa ń gbọ́ tí àga ń dún lẹ́yìn fóònù kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

Ibi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ Màmá 2017 lójú kedere ni nígbà tí wọ́n lẹ ìwé máàkì kan mọ́ ògiri wọ́ọ̀dù wa. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn tí wọ́n ń pè ní Royal College of Physicians, ní London, ló gbé e jáde lọ́dún 2012, wọ́n tún un ṣe ní 2017. NEWS ni wọ́n ń pè é. Wàá fún èémí, ìlù ọkàn, ìfúnpá àti àwọn yòókù ní máàkì. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti pé 7, pàjáwìrì ni. Mo ti da àwọn nọ́ńbà Màmá kọ sínú ìwé pélébé kan láti ìgbà yẹn. Mo gbé e jáde. Ọkàn 124: máàkì 2. Ìfúnpá 100: máàkì 2. Èémí 20: òdo. 4 ni gbogbo rẹ̀. Bí mo bá ka èémí yẹn, kódà kó jẹ́ 25 péré ni wọ́n ń mí, máàkì 3 ni, gbogbo rẹ̀ á di 7. Ìyẹn ní aago kan òru. Nígbà tó fi di aago mẹ́ta, tí wọ́n ń fi orúkọ òkú pe ọmọ wọn, ìdàrúdàpọ̀ ọkàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yẹn tún jẹ́ 3. Ó di 10. Mo jókòó sí yàrá ìpààrọ̀ aṣọ fún ìgbà pípẹ́ lọ́jọ́ náà.

Báyìí ni mo ṣe ń kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn: di ọrùn ọwọ́ aláìsàn mú bí ẹni tó ṣì ń ka ìlù ọkàn, kí o máa wo àyà. Bó bá mọ̀ pé èémí òun lò ń kà, á yí i padà. Ìṣẹ́jú kan gbáko. Méjìlá sí ogún ló dára fún àgbàlagbà.

Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí, ọ̀rọ̀ kù fún yín. Ẹ má fi ṣíbí rọ ẹ̀kọ mímu sí ẹnu ẹni tí kò lè gbé itọ́ mì, bí ó ti wù kí ebi tó ẹ rò pé ó ń pa á. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Mo mọ̀ pé àdúrà lẹ fẹ́ gbà, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n àbẹ́là tó ń jó ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọ́síjìn, ẹ má sì fi òróró kun ojú ẹni tí ìbòmú ọ́síjìn wà lójú rẹ̀ láìbi nọ́ọ̀sì. Iná tó bá rí ọ́síjìn kì í jó bíi ti ilé ìdáná.

Kí ẹ sì máa ka èémí. Fóònù yín ní aago. Bí ẹ bá rí i pé ó ń lé ní 25, tàbí pé ó ń pọ̀ sí i láti ìrọ̀lẹ́, tàbí tí ẹni yín ò mọ̀ yín mọ́, ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì, ẹ sọ nọ́ńbà náà fún un. Bó bá dá yín padà, ẹ tún lọ. Ẹ ní kó wá dúró kó kà á lójú yín. Ọmọ Màmá kò mọ nọ́ńbà kankan, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó kàn jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ń wò ó, ó sì rí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dìde wá bá mi.